Bàálù Kì í Já Bó Ṣe Ń Já Nínú Fíìmù

Ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ni ibi tó rọrùn jù láti mọ ohun tí fíìmù ń kọ́ àwọn èèyàn nípa bàálù. Ní Kétu àti Ìkòsí ní Kòsọ́fẹ́ nílùú Èkó, títí dé ẹ̀yìn ọjà Mile 12, ó ṣọ̀wọ́n kéèyàn rí ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀ tí kò ní tẹlifíṣọ̀n lára ògiri. Ẹni tí wọ́n ń gẹ̀ lọ́wọ́ kò gbọdọ̀ yí ọrùn, nítorí náà inú dígí ló ti ń wo fíìmù, ohun tó wà lápá ọ̀tún á wá wà lápá òsì. Bó bá jẹ́ Flight ni wọ́n fi sí i, fíìmù tí Denzel Washington ti ṣe awakọ̀ òfurufú, tó sì wá kan ibi tí bàálù dojú dé, tí bẹ́líìtì so àwọn èrò rọ̀ bí àdán, onígbàjámọ̀ fúnra rẹ̀ á gbé maṣíìnì kúrò lórí oníbàárà. Ariwo á sọ. Ẹnì kan á ní òyìnbó ti lọ jìnnà. Ẹlòmíràn á ní irọ́ funfun báláú ni. Ẹnì kẹta, tó ti sanwó tíkẹ́ẹ̀tì Àbújá fún ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, kò ní sọ nǹkan kan. Á kàn tẹjú mọ́ dígí.

Ẹnì kẹta yìí ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Àbùmọ́ kì í ṣe àjèjì sí Yorùbá, kò sì sí ohun tó burú nínú rẹ̀. Bí babaláwo inú fíìmù bá fi egbé gbé ara rẹ̀ láti Ọ̀yọ́ dé Ìlọrin kí ojú tó ṣẹ́, tàbí tí ọdẹ kan fi àfẹ̀ẹ́rí pòórá níwájú ẹkùn, òǹwòran mọ iye tó yẹ kóun yọ kúrò nínú ohun tóun rí. Ó ti ń gbọ́ irú ìtàn bẹ́ẹ̀ láti kékeré. Ọ̀rọ̀ bàálù kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ní Kòsọ́fẹ́ ló ń rí bàálù lójoojúmọ́ bó ṣe ń lọ sílẹ̀ sí pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed ní Ìkẹjà, wọ́n mọ ìró rẹ̀ dáadáa, àmọ́ wọn ò wọ̀ ọ́ rí. Fíìmù nìkan ló mú wọn wọnú rẹ̀. Wọn ò ní òṣùwọ̀n kankan tí wọn yóò fi yọ àbùmọ́ kúrò, nítorí náà gbogbo rẹ̀ ni wọ́n gbé mì. Bẹ́ẹ̀ ni fíìmù ṣe ń gbé ẹ̀rù wa lọ síbi tí ewu ò sí, tó sì ń gbójú wa kúrò níbi tó wà gan-an.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí bàálù tó dojú dé yẹn. Ọdún 2012 ni Flight jáde, Robert Zemeckis ló darí rẹ̀. Nínú fíìmù náà, èèyàn 102 ló wà nínú bàálù. Awakọ̀ náà dojú rẹ̀ dé kó má bàa dorí kodò lọ wọlẹ̀, ó fò ó bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó tún un yí padà, ó sì gbé e sílẹ̀ ní pápá kan. Ẹni mẹ́fà péré ló kú. Ìṣẹ̀lẹ̀ gidi kan wà lẹ́yìn ìran yẹn. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kìíní ọdún 2000, bàálù MD-83 ti ilé iṣẹ́ Alaska Airlines gbéra láti Puerto Vallarta ní Mẹ́síkò, ó ń lọ sí Amẹ́ríkà. Síkírù ńlá kan wà nínú ìrù irú bàálù yìí, òun ni wọ́n fi ń gbé imú ọkọ̀ sókè tàbí tí wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀. Gíríìsì ló yẹ kó máa wà lára rẹ̀. Nígbà tí àwọn olùṣèwádìí fa síkírù náà jáde láti inú òkun, wọ́n rí i pé kò rí gíríìsì tó bó ṣe yẹ, eyín nọ́ọ̀tì tó dì í mú sì ti jẹ tán. Ó já, bàálù dorí kodò. Àwọn awakọ̀ rẹ̀ gbìyànjú gan-an láti máa fò ó ní ìdojúdé. Wọn ò jáwọ́ títí wọ́n fi wọnú òkun Pàsífíìkì. Èèyàn 88 ló wà nínú rẹ̀, kò sí ẹni tó yè.

Kì í ṣe pé bàálù ńlá kò lè yí po lójú ọ̀run o. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1955, Tex Johnston yí bàálù Boeing tuntun po lókè adágún Washington nílùú Seattle, níwájú àwọn èrò tó ń wo eré ìje ọkọ̀ ojú omi, bàálù náà ò sì ní ìpalára kankan. Àmọ́ bàálù tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá nìyẹn, kì í ṣe èyí tí ìrù rẹ̀ ti já. Ohun tó dunni nípa Flight ni pé ó gbé gbogbo ògo lé ọwọ́ awakọ̀, kò sì ráyè fún ọwọ́ tó yẹ kó fi gíríìsì pa síkírù. Ọwọ́ yẹn kò dùn ún wò nínú fíìmù. Àmọ́ òun ni ẹ̀mí èèyàn 88 rọ̀ mọ́.

Ti fèrèsé náà ńkọ́? Láti ìgbà tí fíìmù Goldfinger ti jáde ní 1964, tí wọ́n yìnbọn, tí fèrèsé bàálù fọ́, tí atẹ́gùn sì fa ọ̀daràn inú rẹ̀ jáde gba ibẹ̀, ni fíìmù ti ń kọ́ ayé pé ihò kékeré kan tó láti tú gbogbo inú bàálù síta. Ihò ọta ìbọn kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Gbogbo ìgbà ni ẹ̀rọ bàálù ń fẹ́ atẹ́gùn sínú, ìwọ̀nba tó bá sì gba ihò kékeré jáde, ẹ̀rọ náà á rọ́pò rẹ̀. Kí fèrèsé lódindi tó ṣí kúrò ni ọ̀rọ̀ tó di ọ̀ràn, èyí náà sì ti ṣẹlẹ̀ rí lọ́nà tí òǹkọ̀wé fíìmù kankan kò ní láyà láti kọ.

Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹfà ọdún 1990, bàálù British Airways kan gbéra láti Birmingham, ó ń lọ sí Málaga ní Sípéènì. Ó ti ga tó ẹsẹ̀ bàtà 17,000 nígbà tí gíláàsì iwájú ọ̀gá awakọ̀ yọ lódindi. Atẹ́gùn fa ọkùnrin náà jáde títí dé ìbàdí, ẹ̀yìn rẹ̀ sì lẹ̀ mọ́ orí bàálù níta. Ọ̀kan lára àwọn òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀ sáré wọlé, ó gbá a ní ẹsẹ̀ mú, kò sì jẹ́ kó lọ. Igbákejì awakọ̀ gbé bàálù sílẹ̀ ní Southampton, ọ̀gá rẹ̀ ṣì wà níta bẹ́ẹ̀. Gbogbo wọn ló rò pé ó ti kú. Kò kú, ó gbádùn, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́ awakọ̀. Kí ló fà á? Wákàtí 27 ṣáájú, wọ́n pààrọ̀ gíláàsì náà, wọ́n sì fi bóòtù 90 dè é. Bóòtù 84 nínú wọn ló tín-ín-rín ju bó ṣe yẹ lọ, ìyàtọ̀ náà kò sì tó mìlímítà kan. Ẹni tó bá ti jókòó ti mẹkáníìkì rí lẹ́bàá ọ̀nà Ìkòròdú, tó rí i bó ṣe ń wá bóòtù tó bá ihò mu nínú agolo tí bóòtù lóríṣiríṣi kún inú rẹ̀, tó wá mú èyí tó jọ ọ́, á yé e kíákíá ju bí yóò ṣe yé ọ̀gbẹ́ni tó ń wo Goldfinger lọ.

Ilẹ̀kùn ńkọ́? Fíìmù wo ni ìbínú ẹnì kan ò ti ní ṣí ilẹ̀kùn bàálù lókè ọ̀run? Kò ṣeé ṣe. Nígbà tí bàálù bá ti ga tán, atẹ́gùn inú rẹ̀ máa ń ti ilẹ̀kùn mọ́ férémù rẹ̀ pẹ̀lú agbára tó lé ní tọ́ọ̀nù mẹ́jọ, bí ẹni pé wọ́n gbé ọkọ̀ akẹ́rù kan tó kún fún àpò àlùbọ́sà láti Mile 12 fara tì í. Kò sí èèyàn tó lè fa ìyẹn ṣí. Ìgbà tí bàálù ti sún mọ́lẹ̀ tán ni ẹnì kan rí i ṣe, ní South Korea ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023: ọkọ̀ Asiana kan kò ga ju bíi igba mítà lọ mọ́ nígbà tí èrò kan ṣí ilẹ̀kùn. Bàálù náà balẹ̀, kò sì sí ẹni tó kú.

Ohun tí ń pa èèyàn lára nínú bàálù tí ìjì ń mì kì í ṣe apá tó kán, bó ti wù kí fíìmù máa ṣẹ́ apá bàálù tó. Orí tó fò sókè tó sì gbá àjà ni. Ní ọjọ́ 21 oṣù Karùn-ún ọdún 2024, bàálù Singapore Airlines kan tó ń bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù já bọ́ lójijì nínú ìjì, èrò kan kú, ọ̀pọ̀ sì fara pa. Bàálù fúnra rẹ̀ gúnlẹ̀ sí Bangkok ní odindi. Bí ẹnì kẹta inú ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ bá fẹ́ gba ìmọ̀ràn kan, kó so bẹ́líìtì rẹ̀, kó má tú u nítorí pé iná àmì bẹ́líìtì ti kú.

Fíìmù kan wà tó gbìyànjú gan-an láti sọ ọ́ bó ṣe rí. Sully ni, tí Clint Eastwood darí ní 2016, lórí bàálù US Airways tí àwọn ẹyẹ kọ lù ní ọjọ́ 15 oṣù Kìíní ọdún 2009, tí awakọ̀ rẹ̀ sì gbé e sílẹ̀ sórí odò Hudson nílùú New York, tí gbogbo èèyàn 155 tó wà nínú rẹ̀ sì yè. Láti ìgbà tí ẹyẹ ti kọ lù ú títí dé orí omi, ìṣẹ́jú àáyá 208 ni, kò tó ìṣẹ́jú mẹ́rin. Fíìmù náà fi ọ̀wọ̀ hàn sí ìṣẹ́jú wọ̀nyẹn, kò bu iyọ̀ sí i. Àmọ́ nítorí pé fíìmù gbọ́dọ̀ ní ọ̀tá, wọ́n sọ àwọn olùṣèwádìí ìjọba di ọ̀tá, bí ẹni pé wọ́n ń wá bí wọ́n ṣe máa dẹ́bi fún awakọ̀. Àwọn olùṣèwádìí gidi bínú sí i, ìbínú náà sì tọ́. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n fi ẹ̀rọ àfijọ dán an wò pé bí wọ́n bá fún awakọ̀ ní àyè ìṣẹ́jú àáyá 35 péré láti ronú, bàálù náà kò ní lè padà dé pápákọ̀. Àwọn tó ń wádìí ikú kí irú rẹ̀ má bàa tún ṣẹlẹ̀, ẹnìkan ò gbọdọ̀ sọ wọ́n di ìkà nítorí pé eré ń wá ẹni tí yóò bá jà.

Nílé wa níbí, ìṣòro fíìmù tún yàtọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ fíìmù Yorùbá, ọmọ tó ń lọ sí Lọ́ńdọ̀nù á kí ìyá rẹ̀ pé ó dìgbà, á gbé báàgì; lẹ́yìn náà la ó rí bàálù kan tó ń gbéra, ó lè má jẹ́ ti ilé iṣẹ́ tó ń ti Èkó lọ síbẹ̀ rárá; lẹ́yìn ìyẹn, afárá Lọ́ńdọ̀nù. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, ó ti dé. Owó ló fà á, gbogbo wa ló mọ̀. Síbẹ̀ àdánù ló jẹ́. Wákàtí mẹ́fà tí ọmọ náà lò nínú bàálù, tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀, tó ń fi ojú wá ẹni tó jọ ará ilé, tó ń wo ìlú tó kéré sí i nísàlẹ̀ títí tí kò fi rí nǹkan kan mọ́, ìtàn gidi wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò tíì yà.

Fíìmù wa tó wọnú bàálù tó sì dúró níbẹ̀ ni Hijack '93. Robert Peters ló darí rẹ̀, Charles Okpaleke ló ṣe agbátẹrù rẹ̀, Netflix sì gbé e jáde ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹwàá ọdún 2024, ọdún 31 géérégé lẹ́yìn tí wọ́n já bàálù tí ìtàn rẹ̀ dá lé gbà. Ó yẹ kí fíìmù yìí kan Kòsọ́fẹ́ ju ibòmíràn lọ. Ọjọ́ta nínú Kòsọ́fẹ́, níbi tí ère Gàní Fáwẹ̀hìnmí dúró sí, ni àwọn èèyàn ń péjọ sí nítorí ìdìbò June 12, June 12 náà ló sì gbé àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́rin dìde ní ọjọ́ Ajé yẹn ní 1993. Wọ́n já Airbus A310 ti Nigeria Airways gbà, èyí tó ń ti Èkó lọ sí Àbújá. Wọ́n ní kí ìjọba fìdí-hẹ Shónẹ́kàn kúrò, kí wọ́n gbé ipò fún Abíọ́lá tí ará ìlú dìbò yàn. Igbákejì ààrẹ ilẹ̀ Ṣáínà, Rong Yiren, wà lára àwọn èrò. Bàálù náà gúnlẹ̀ sí Niamey ní orílẹ̀-èdè Niger, ibẹ̀ ló sì dúró sí fún ọjọ́ mélòó kan kí àwọn ọmọ ogun ibẹ̀ tó ya wọ̀ ọ́. Òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀ kan kú nínú rẹ̀.

Ìgboyà wà nínú kí ẹnìkan gbé irú ìtàn yìí, kí ó má jẹ́ kó di ohun ìgbàgbé. Wọ́n yí orúkọ àwọn ọ̀dọ́ náà padà, kò burú. Ohun tó burú ni pé ìbínú June 12 tó lé wọn dé orí bàálù tẹ́ẹ́rẹ́ nínú fíìmù náà, débi pé ọmọ tí wọn ò tíì bí ní 1993 lè wò ó tán kó má mọ ìdí tí èèyàn fi lè sọ ẹ̀mí ara rẹ̀ nù báyẹn. Àti pé níbi tí ọkàn ìtàn náà wà gan-an, kò sí bàálù tó ń fò rárá. Bàálù tó dúró sójú kan nínú oòrùn Sàhẹ́lì ni, tí àwọn tó wà nínú rẹ̀ kò mọ ẹni tó ń bọ̀ wá bá wọn. Báwo ni òógùn ọjọ́ kejì ṣe rí? Kí ni àwọn ọ̀dọ́ náà ń bá àwọn èrò sọ nígbà tí oorun kùn wọ́n? Ibẹ̀ ló yẹ kí fíìmù jókòó sí.

Ìtàn kan tún wà tí fíìmù kankan kò tíì fọwọ́ kàn bó ṣe yẹ, kò sì jìnnà sí Kétu. Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 3 oṣù Kẹfà ọdún 2012, oṣù márùn-ún kí Flight tó jáde, bàálù Dana Air gbéra láti Àbújá, ó ń bọ̀ ní Ìkẹjà. MD-83 ni, irú èyí tó wọnú òkun ní 2000 gan-an. Alaska Airlines kan náà ló ti fò ó rí kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ìròyìn tí àjọ tó ń wádìí ìjàǹbá òfurufú ní Nàìjíríà gbé jáde ní 2017 ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìṣẹ́jú 17 péré lẹ́yìn tí wọ́n gbéra ni ẹ́ńjìnnì àkọ́kọ́ kò dáhùn mọ́. Wọ́n lè padà. Wọ́n lè wá pápákọ̀ tó sún mọ́ wọn. Wọn ò ṣe bẹ́ẹ̀, wọn ò sì ké gbàjarè. Wọ́n ń bọ̀ ní Èkó pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì kan, bí awakọ̀ dáńfó tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti ń wúkọ́ láti Mile 12 ṣùgbọ́n tó ń sọ fún ara rẹ̀ pé kóun sáà ti dé Ọjọ́ta ná. Awakọ̀ dáńfó lè yà sí ẹ̀gbẹ́ títì nígbàkígbà. Bí wọ́n ṣe ń múra láti balẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì kejì náà dákẹ́. Nígbà yẹn ni wọ́n tó ké gbàjarè. Bàálù náà já sí Ìjú-Ìṣàgà. Gbogbo èèyàn 153 tó wà nínú rẹ̀ kú, àti ẹni mẹ́fà tó wà nílẹ̀, tí wọn ò sanwó tíkẹ́ẹ̀tì kankan. Èrò pọ̀ débi pé ọkọ̀ panápaná kò rọ́nà, omi kò sì tó.

Àjọ náà rí i pé àwọn páìpù tó ń gbé epo wọ ẹ́ńjìnnì ti sán, òmíràn tẹ̀, òmíràn lọ́. Bí síkírù tí kò rí gíríìsì. Bí bóòtù tó fi ohun tí kò tó mìlímítà kan tín-ín-rín. Ìwé ìròyìn náà wà nígbangba, ẹnikẹ́ni lè kà á, kò sì sí ẹni tó ní kí àwọn tó ń ṣe fíìmù sanwó fún un.

Kí ẹni tó bá fẹ́ ṣe fíìmù bàálù ní Èkó fi ojú inú wo ọ̀sán yẹn dáadáa. Kò sí bọ́ǹbù, kò sí olè, kò sí ìjì. Yàrá kékeré kan ni, èèyàn méjì jókòó síbẹ̀, oòrùn ń wọlé. Ọ̀kan nínú wọn ti ọwọ́ ẹ́ńjìnnì síwájú. Abẹ́rẹ́ aago kò mira. Lẹ́yìn ilẹ̀kùn, wọ́n ń pín ìpápánu, ẹnì kan ń béèrè fún omi, ẹnì kan ń ka iye ìṣẹ́jú tó kù kó tó rí ọmọ rẹ̀. Ẹni tó jókòó sọ́wọ́ òsì wo aago náà lẹ́ẹ̀kejì, ó wo ẹnìkejì rẹ̀, ó sì ní kí wọ́n máa lọ.